Nítorí Ilé Bọ́bìnnì Tí Mo Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ̀

Adúmáradán ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ilẹ̀kùn yàrá rẹ tí o ní kì í pa dé yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti bá ọ tún un ṣe àbí àga lo ṣì fi ń tì í? Èmi àti bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, o ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé, ibi tí wọ́n bá sì ti ń pín oore, wọn ò ní sọ pé ó ti tán kí ó tó kàn ọ́. Mo fi àdúrà mọ síbí ná, èyí tó kù wà ní ìsàlẹ̀, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.

O ó máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí tí mo fẹ́ kí o fọwọ́ kàn ni, fóònù kò sì lè gbé e. Mo ti dán an wò. Lọ́jọ́ tí a rí ara wa lójú fóònù, tí bàbá rẹ gbé e mọ́ etí tí o kò rí nǹkan mìíràn ju irun etí wọn lọ, mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sún aṣọ mọ́ ojú rẹ̀ kí o lè fọwọ́ pa á, o kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Nítorí náà mo ti dì í sínú ọ̀rá kékeré, dírẹ́bà tó ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ yín ló máa bá mi mú un dání. Má ṣe tú ọ̀rá náà báyìí. Ka lẹ́tà yìí dé òpin ná. Ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ máa ń rí nǹkan, ìwọ náà á sì mọ̀ níwájú pé ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ológìnní wa ti bímọ, mo ti pín àwọn ọmọ rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò kí ojú wọn tó là, mo sì ti sọ ọjọ́ tí kálukú máa wá gbé tirẹ̀. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dí òrùlé ṣọ́ọ̀bù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òjò ti wá, òjò ti lọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ni. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò tó ń pè wọ́n ní Bàbá Ẹ̀sọ̀, wọn ò parọ́ mọ́ wọn náà. Ìwọ gan-an fi ìwà jọ wọ́n. Ọ̀gá rẹ tó ní òun máa mú ọ kúrò ní tábìlì tí ẹ ti ń pa ara nǹkan títí á fi dán, pé o máa ń pẹ́ jù lórí ẹyọ kan, mo sọ fún ọ lórí fóònù nígbà yẹn pé kò jẹ̀bi. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni ti Ìyá Àgbà. Ìwọ mọ̀ pé màsíìnì ńlá tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, mo kàn ń kọ ọ́ síbí bóyá o máa ka lẹ́tà yìí sí ọ̀gá rẹ létí ni. Òun nìkan ló lè rán ìbàdí kàkí láì kérora. Àwọn màsíìnì kéékèèké tó kù, bí wọ́n bá ti rí kàkí, abẹ́rẹ́ wọn a tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà. Nígbà tí ilé bọ́bìnnì rẹ̀ fọ́, ìyẹn ife kékeré abẹ́ màsíìnì tí bọ́bìnnì ń jókòó sí tí òwú ìsàlẹ̀ ń gbà jáde, mo wá irú rẹ̀ kiri títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe màsíìnì náà ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí ọ. Ìgbà yẹn lo wá sílé, tí o fi irin ìwọ̀n rẹ tó lẹ́nu bí ẹnu ẹyẹ wọn gbogbo ara èyí tó fọ́, tí o ní ẹ̀yin ní ẹ̀rọ kan níbi iṣẹ́ tó máa fi ike tò ó látilẹ̀ dókè. Mo ní ó yá, kí ló kù?

Ohun tó ń lé mi léré ni pé màmá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò wa ti kó kàkí yunifọ́ọ̀mù gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn fún mi, mo sì ti ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á ti wà lórí hángà kí ilé-ìwé tó wọlé. Tí n kò bá mú ìlérí yẹn ṣẹ, òdìkejì títì ni wọ́n máa kó o lọ, lọ́dọ̀ Kíá-Kíá. O rántí Kíá-Kíá. Ó máa ń rán aṣọ tán kí o tó mí, aṣọ náà a sì tú kí o tó délé. Tí iṣẹ́ ilé-ìwé bá fi lè kọjá sọ́dọ̀ ẹni yẹn, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, mo lọ jókòó ti bàbá rẹ lórí àkàbà.

Ìdí rèé tí n kò fi jẹ́ kí o sinmi. O ní ilé bọ́bìnnì ti wà ńlẹ̀ ṣùgbọ́n ó ku dídán, pé dídán rẹ̀ máa pẹ́ ju títò rẹ̀ lọ, pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló sì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì yín. Mo ní ta ló máa dúró? Fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà, màá parí ẹ̀ nílé. Ìgbà wo ni mo ti ń bá èèyàn parí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dé ìdajì!

Àwọn tó gbé ẹrù náà, ìwà wọn kò yé mi. Wọ́n kọ̀wé sínú fóònù mi pé oníbàárà àwọn ọ̀wọ́n, ẹrù mi ti wà lọ́nà. Mo dá wọn lóhùn bí ọmọlúàbí, mo ní ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, ṣé ara àwọn ọmọ le, kí ni dírẹ́bà jẹ kí ó tó gbéra? Wọ́n dá mi lóhùn pé kí n má ṣe fèsì sí nọ́ńbà yìí. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí ní ọ̀wọ́n! Mo bínú, mo kọ ọ́ padà pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má kí mi mọ́. Wọn ò sì kí mi mọ́ títí ẹrù fi dé. Nígbà tó wá dé tán, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìràwọ̀. Èmi tí n kò rí ilé bọ́bìnnì rà, ìràwọ̀ ni wọ́n wá ń tọrọ lọ́wọ́ mi.

Mo tú páálí. Ilé bọ́bìnnì jókòó síbẹ̀, ó jọ ti àtijọ́ bí ìbejì, àfi ara rẹ̀. Adúmáradán, ara rẹ̀ kò dára. Ó dà bíi pé ẹnìkan fún ọṣẹ ìfọyín yípo yípo lórí ara wọn, ó sì gbẹ. Mo fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ bí eyín ìyarun. Bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ṣe ń ṣe é, ìpele lórí ìpele, bí ẹni ń mọ ìkòkò, pé ibi tí ìpele kan ti pàdé èkejì ni mo ń rí bí ìlà. Mo ní amọ̀kòkò máa ń fi ọwọ́ tútù ra ojú ìkòkò kí ó tó gbé e fún èèyàn. Lójú tèmi, ńṣe ni ẹ̀rọ yẹn ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ibi tó bá ti sinmi ni ìlà wà. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá ń sinmi tó bẹ́ẹ̀, màá ti dá a padà fún ìyá rẹ̀.

O ti kọ ọ́ sójú páálí pé kí n má tíì lò ó, pé o máa gba ohùn sílẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ṣàlàyé. Mo kà á. Mo sì fi ilé bọ́bìnnì sínú Ìyá Àgbà. Ó rán díẹ̀, ó já òwú. Mo so ó, ó tún já a. Nígbà tí mo yí kàkí náà wo lẹ́yìn, òwú ìsàlẹ̀ ti hu irun bí ẹ̀yìn ọmọ ológìnní, gbogbo ìlà ara ike yẹn ló ń họ ọ́ bó ṣe ń kọjá. Àfi bí ẹni ránṣẹ́ pe màmá ọ̀gá ilé-ìwé, ẹnu ibẹ̀ ni wọ́n wọlé bá mi. Wọ́n mú kàkí náà, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dà mí láàmú, ṣùgbọ́n bí aṣọ kò bá sí lórí hángà kí ilé-ìwé tó wọlé, àwọn á kó ìyókù sọdá títì. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló máa ń ba èmi lẹ́rù jù.

Wọ́n jáde báyìí ni ohùn rẹ wọlé sínú fóònù. Ohùn náà gùn. Mo kọ́kọ́ dá sí i, mo ní ṣé kí n dá ilé bọ́bìnnì náà padà ni àbí kí n fi sílẹ̀, o ò dúró kí n sọ̀rọ̀, o kàn ń bá tìrẹ lọ. O ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń yọ́ ike, o ń sọ irú ike tó jẹ́. O wá ní ẹ̀rọ náà lọ́gbọ́n kan lórí, pé bó bá ti dé ojú òkè pátápátá, á tún fi ẹnu gbígbóná rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, òun ló jẹ́ kí ojú òkè dán ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Mo fọwọ́ kàn án, òótọ́ ni, ojú òkè dán. Mo pa ohùn náà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù nìkan ló kù, kí ló dé tí o fi ń yí kiri? Ta ló ní áyọ́ọ̀nù tó mi ládùúgbò yìí?

Mi ò fi wàdùwàdù ṣe é o. Mo tẹ́ aṣọ tútù lé e lórí. Iná sílíkì ni mo lò, mi ò lo ti kàkí, kí o má baà ní ìyá rẹ kò lo làákàyè. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e bí ẹni ń gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Inú mi dùn, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo máa ká aṣọ kúrò, ilé bọ́bìnnì ti di ilẹ̀ bọ́bìnnì. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dán. Ó dán bí awo. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó kù lára rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú áyọ́ọ̀nù mi. Bàbá rẹ wọlé, wọ́n ní kí ló ń rùn? Mo ní nǹkan kan kò rùn. Èéfín ń gba iwájú ojú mi kọjá bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ kò bá mi jà, o mọ̀ wọ́n. Wọ́n mú fóònù, wọ́n lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n wá sọ fún mi pé lẹ́yìn ibi tí mo ti pa á, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù sún mọ́ ọn o. Mo fẹ́ bá ọ wí lórí èyí. Ní kíláàsì òwò ìrọ̀lẹ́ tí mo lọ, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ tó bá lè ba ọjà jẹ́, iwájú la ń gbé e sí. Ìwọ lọ fi ìkìlọ̀ pamọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sínú ìrọ̀rí. Wọ́n tún ní o sọ pé èkejì wà lábẹ́ pépà ní ìsàlẹ̀ páálí, pé o fi kún un nítorí pé o mọ ìyá rẹ. Ìyẹn, a máa sọ ọ́ nígbà tí o bá wálé.

Mo pe ìpàdé lójú ẹsẹ̀, èmi àti bàbá rẹ. Mo ní èmi ni màá dán èkejì yìí nítorí àkókò. Bàbá rẹ, tí wọn ò ta kò mí nípàdé rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, ní rárá. Wọ́n ní Ìyá Adúmáradán, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O mọ bí òwe yẹn ṣe máa ń ṣe mí. Kí n tó fèsì, wọ́n ti fi ilé bọ́bìnnì sápò.

Wọ́n gba sáńpépà lọ́wọ́ káfíńtà, láti orí èyí tó le bí ahọ́n màlúù títí dé èyí tó kúnná tó jẹ́ pé o lè fi kọ lẹ́tà. Wọ́n gbé abọ́ omi síwájú, wọ́n ń fi pépà tó rin omi pa á yípo, wọ́n ń ṣàn án, wọ́n ń gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹyin wò bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní o sọ pé bí àwọn bá fi ipá pa ojú kan, á gbóná, á yọ́, bí àwọn bá sì pa á jù, bọ́bìnnì á máa mì nínú rẹ̀ bí eyín àgbà. Èmi ń rìn lọ rìn bọ̀. Mo gé gbogbo kàkí tó kù, mo fi àwọn màsíìnì kéékèèké ṣe ojú bọ́tìnnì, mo to hángà láti orí ọmọ tó kéré jù dé orí èyí tó ga jù, bàbá rẹ ṣì wà lórí pépà líle.

Mo ní ṣé a ò lè fo àwọn pépà àárín ni? Láti orí líle, ká bọ́ sórí kíkúnná, ó parí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ náà ń tàn yanran, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí pépà líle ti họ ọ́ ṣì hàn gbangba lábẹ́ títàn yẹn, bí ẹni fi ìpara kun ojú tí ológìnní ya. Bàbá rẹ ní ohun tí o sọ nìyẹn, pé iṣẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan ni kí ó pa àpá èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́, bí o bá fo ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa bá ọ pa àpá tirẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ tèmi, wọ́n padà lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látorí èyí tó tẹ̀ lé líle. Mo jáde síta. N kò lè wò ó.

Nígbà tí wọ́n pè mí padà, wọ́n já ẹ̀gbọ̀n òwú díẹ̀ lára ìrọ̀rí, wọ́n ní o ní kí àwọn fà á gba ara rẹ̀ kọjá. Ó fi irun kan sílẹ̀ níbì kan. Ojú mi ti wà lára aago. Bàbá rẹ tún rọra pa ibẹ̀, wọ́n tún fà á. Ẹ̀gbọ̀n òwú náà kọjá bí àlejò tí kò gbàgbé nǹkan kan sílé onílé.

Mo fi í sínú Ìyá Àgbà. Ọmọ mi, màsíìnì náà kọrin. N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi wà láyé. Mo gùn ún, n kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ìbàdí kàkí ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń tò wọ kíláàsì, òwú kò já lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí màmá ọ̀gá ilé-ìwé dé, aṣọ tó gbẹ̀yìn ni mo ń fi kọ́. Wọ́n yí ọ̀kan sódì, wọ́n fi àtàǹpàkò gba ojú ìránṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ẹni tó máa rù ú. Ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yí padà béèrè bóyá mo máa ń rán aṣọ eré ìdárayá náà. Kíá-Kíá yọjú ní fèrèsé, ó ní òun wá yá ṣọ́ọ̀kì. Mo fún un. Ó dúró wo gbogbo hángà náà tán kí ó tó rántí pé òun ní ṣọ́ọ̀kì nílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Tú ọ̀rá kékeré náà báyìí. Àkísà kàkí méjì ló wà nínú rẹ̀, ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan ló wà lára wọn. Èyí tó hu irun, ilé bọ́bìnnì tí n kò jẹ́ kí o dán ló rán an. Èkejì, èyí tí bàbá rẹ dán ni. Gbé méjèèjì fún ọ̀gá rẹ, kí ó dijú, kí ó fi àtàǹpàkò gbà á. Sọ fún un pé ìyá rẹ tó sọ pé kò jẹ̀bi ti gba ọ̀rọ̀ náà padà, n kì í sì í gba ọ̀rọ̀ padà, kí ó lọ béèrè. Bí ó bá mú ọ kúrò ní tábìlì yẹn, ta ló máa pa àpá ẹ̀rọ rẹ̀ rẹ́? Bí ó bá ní òun ò mọ ìyàtọ̀ àkísà méjèèjì, kí ó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ààyè wà. Mi ò ní kí o máa fi iṣẹ́ falẹ̀ o. Bí nǹkan bá ti dán, gbé e kúrò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì dán, kò tíì dán nìyẹn, ẹni tó bá ń kánjú kí ó lọ máa to hángà.

Fi owó áyọ́ọ̀nù tuntun ránṣẹ́. Ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù wá, ìwọ lo máa rà á. Fi ránṣẹ́ sínú fóònù tèmi, torí bí ó bá wọ ti bàbá rẹ, wọ́n á ka ìwé tí báńkì kọ sí wọn títí ilé ìtajà á fi ti ilẹ̀kùn. Fi sáńpépà kíkúnná ti ìlú ńlá kún un, ti káfíńtà ti tán. Ilẹ̀ bọ́bìnnì kò ṣòfò, mo ti fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìlọṣọ tó ń mì, kò mì mọ́.

Ọmọ mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa jẹ́rìí rẹ níbi tí ẹnu rẹ kò bá dé. Àpá tí ayé bá fẹ́ fi sí ọ lára, Ọlọ́run á pa á rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Orúkọ tí a sọ ọ́ yóò rò ọ́, wàá dúdú, wàá máa dán. Ẹni tó ń wò ọ́ pé o ń pẹ́ á jókòó níwájú rẹ láti kọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí kí bàbá rẹ fi lè kọ ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ti mú pẹ́ńsù, wọ́n ń gbẹ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n ní kò tíì mú tó. Dírẹ́bà ti fọn fèrè, ó tún ti fọn ọ́n, ó ní ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Mo ti jáde lọ bá a. Mo ní kí ó dúró.